Mo Rí Agolo, N Kò Rí Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Àwọn tó ń kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn a máa fi orúkọ wọn pamọ́. Èmi kò ní fi tèmi pamọ́. Ràfátù ni mí, ìyàwó Kàsúmù káfíńtà, ní ìlú Ọ̀tà. Obìnrin tí mo bà lórúkọ jẹ́ kò rí ibi fi ojú pamọ́ sí lọ́jọ́ náà. Kò yẹ kí èmi rí.

Mo ti bí ọmọ mẹ́rin kí n tó mọ ìwé kọ. Ilé ìwé àgbà ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dún tó kọjá, nítorí náà bí lẹ́tà mi kan bá wọ́, ẹ tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ má tún ṣe.

Onídìrí mi ni Morónfólú, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Dùnní nítorí Ìyádùnní, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní Ìgbẹsà. Ọdún mọ́kànlá ló fi di irun mi. Òun ló di irun ìyàwó fún mi. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi tí n kò lè rìn jìnnà, ó ká ẹní rẹ̀ wá bá mi nínú ilé.

Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é. Irun tí òòyà bá fà já, onírun ló ni ín. Onídìrí kò gbọdọ̀ dà á nù, kò sì gbọdọ̀ mú un sọ́wọ́. Bí Ìyá Dùnní bá ti dì tán, á ká gbogbo èyí tó já jọ, á lọ́ ọ mọ́ ewé, á sì wí pé, "Irun rẹ rèé o. Mú u lọ, kó o jó o." Kò gbàgbé rí.

Ó ku oṣù kan kí a ṣọdún Iléyá, lọ́dún 1955, mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án láìròtẹ́lẹ̀, mo sì wọlé láìkágò. Ìyá Dùnní kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Agolo bísíkíìtì kan wà níwájú rẹ̀, irun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kì í bọ inú agolo náà. Bó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó dé e, ó sì tì í sẹ́yìn ìkòkò.

"Ta nìyẹn? Ràfátù? Ṣé ìjọba ti fòfin de àgò ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Mo rò pé ẹ ti gbọ́ ohùn mi níta."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí ẹ̀rín rín. Ó di irun mi lọ́jọ́ náà, ó sì lọ́ èyí tó já mọ́ ewé fún mi bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tú ewé náà wò lójú ọ̀nà. Lójú mi, irun inú rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

N kò padà lọ bi í. Ìfura dà bí òkúta inú ìrẹsì. Ẹyọ kan péré ni eyín rẹ pàdé, ṣùgbọ́n gbogbo àwo ni wàá fi ìbẹ̀rù jẹ tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Kùdírátù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ aṣọ mi, tú gèlè rẹ̀ níwájú mi. Ìlà kan, tó pọ́n bí bàbà, ti yọ láàárín irun rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́.

"Kí ló ṣe irun rẹ?"

"Oòrùn-yọ ni wọ́n ń pè é."

"Ta ló ṣe é?"

"Mùíbátù ni, èyí tó ti Èkó dé, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìkóríta Sàngó. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ṣe irun fún àwọn ìyàwó òyìnbó ló ti kọ́ṣẹ́."

"Èmi ní onídìrí."

"Ìyá Dùnní? Ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀ ló mọ̀. Ṣé o bá a mulẹ̀ ni?"

"N kò bá a mulẹ̀."

"Kí wá ni? Iléyá ń bọ̀, o fẹ́ lọ gbé ṣùkú àwọn ìyá wa jókòó."

Mo sọ fún ara mi pé nítorí agolo ni mo ṣe fẹ́ lọ. Irọ́ ni. Nítorí oòrùn-yọ ni mo ṣe lọ. Agolo kàn jẹ́ kí n rí ohun tí n ó fi bo ojú ara mi ni.

Ṣọ́ọ̀bù Mùíbátù kò ní ẹní. Àga ló ní, àti dígí gbọ̀ọ̀rọ̀ kan níwájú àga náà. Mo jókòó, mo wo ara mi, mo sì rò pé mo ti di ènìyàn pàtàkì. Ó fi kóòmù irin tó gbé sórí èédú din irun mi títí ó fi nà tọ̀ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìkótí la ìlà márùn-ún, ó bu omi kan láti inú ìgò rúsúrúsú, ó sì ń fi òwú pa á sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Omi náà ń hó.

"Ọ̀kan ni ti Kùdírátù," mo wí.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí wọ́n rí yín lọ́jọ́ ọdún, ìyá. Márùn-ún ló yẹ yín."

"Ó ń ta mí lórí."

"Ẹwà a máa ta díẹ̀. Ẹ lọ jókòó sínú oòrùn. Oòrùn ni yóò pè é jáde."

Mo jókòó sínú oòrùn bí èlùbọ́ tí wọ́n sá. Nígbà tí mo padà síwájú dígí, ìlà márùn-ún ń dán lórí mi. Mùíbátù mú ìgbálẹ̀, ó gbá irun mi tó já pọ̀ mọ́ ti ẹni tó ṣe ṣáájú mi, ó sì dà á sí ẹ̀bá títì. Atẹ́gùn kó o lọ. N kò bi í léèrè irun mi. Ẹ fiyè sí èyí. Níbi tó yẹ kí n ti fura, ara mi balẹ̀.

Kàsúmù wò mí títí nígbà tí mo délé.

"Ta ló fi irun àgbàdo sí ọ lórí?"

"Àṣà tó wà lóde nìyẹn."

"Ìyá Dùnní ló ṣe é?"

"Rárá."

"Ó mọ̀?"

Mo mú gèlè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wé e.

"Bí ohun náà bá dára, kí ló dé tí o kò fi lè fi hàn án?" Ó gbé ayùn rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ Iléyá, mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí gèlè mi yẹ̀ sẹ́yìn kí àwọn obìnrin lè rí mi. Àfi bí mo ti rí Ìyá Dùnní lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fa gèlè náà wá sílẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìpéǹpéjú mi.

"Ràfátù, ọdún dé, n kò sì rí ọ."

"Orí ń fọ́ mi, Ìyá Dùnní. Mo ní kí n jẹ́ kó sinmi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ gbé ìgò àdín kan wá. "Fi pa orí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo yan ekùrọ́ rẹ̀."

Mo dúpẹ́. Bó ti kọjá ẹnu ọ̀nà, mo gbóòórùn àdín náà. Kí ló dé tó fi gbé e wá nígbà tí n kò bèèrè? Kí ló fẹ́ fi orí mi ṣe? Mo dà á sínú gọ́tà, mo sì fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ọdún, irun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Bí mo bá jí, mo ń rí i lórí ìrọ̀rí. Bí mo bá ya á, òòyà á kún. Mo sáré lọ sí Sàngó.

Mùíbátù fi ìka kàn án, ó sì yára mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Irun kì í dédé já, ìyá. Ta ló ń bá yín dì í tẹ́lẹ̀?"

"Ìyá Dùnní."

"Ṣé inú rẹ̀ dùn pé ẹ fi òun sílẹ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ọ̀tà nìyí o. Ta ni kò mọ̀?" Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Irun yín tó ń já lọ́dọ̀ rẹ̀, ta ló ń kó o?"

"Ó ń kó o fún mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

Agolo náà sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. N kò ní di ẹ̀bi yìí ru Mùíbátù. Ìbéèrè ló bi mí. Èmi ni mo sọ ìbéèrè di ìdáhùn.

Mo sọ fún Kùdírátù nìkan, mo sì ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti pàtẹ lọ́jà rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yí padà dé ọ̀dọ̀ mi, agolo ti di mẹ́ta. Wọ́n ní irun ìyàwó kan tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ wà nínú ọ̀kan. Mo mọ̀ pé agolo kan ni mo rí. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Tẹ́lẹ̀, obìnrin mẹ́rin márùn-ún ló máa ń dúró de Ìyá Dùnní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹní rẹ̀ ṣófo. Opó ni, kò ní oko, kò ní ọjà. Irun dídì yìí nìkan ló ń jẹ. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá, mo ń rí i tó jókòó, tó gbé òòyà sórí itan, tó ń wo ọ̀nà. Bó bá kí mi, mo ní ó fẹ́ fi ẹnu dídùn mú mi. Bí kò bá kí mi, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Kò sí ohun tí ì bá ṣe lọ́jọ́ wọ̀nyẹn tí ojú mi kì bá tí pè ní ibi.

Kàsúmù gbọ́ ọ nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ràfátù, ṣé o rí i tàbí wọ́n sọ fún ọ?"

"Mo rí agolo."

"Agolo lo rí. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Irun."

"Irun ta?"

"Irun ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Bí mo bá rí ayùn mi lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo lè ní tèmi ni, torí mo mọ àmì tí mo fi sí i. Kí ni àmì irun rẹ?"

Mo ní ọ̀rọ̀ obìnrin kò yé ọkùnrin. Ó ní, "Ó dára. Ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ ńkọ́? Ìyẹn yé mi."

Ìyá Dùnní fúnra rẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ó bẹ Ìyá Sùnnà, Àdìzát, olórí àwa obìnrin ní mọ́sálásí, pé kó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, kó sì ránṣẹ́ pe ẹni tó bá ní ohun tí yóò sọ. Bí obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la dé ibẹ̀. Kùdírátù dúró sẹ́yìn mi.

"Ràfátù," ni Ìyá Sùnnà wí, "wọ́n ní ìwọ lo ni ọ̀rọ̀. Sọ ọ́ lójú ẹni tó kàn."

"Ìyá, irun mi ń bọ́. Mo sì rí Ìyá Dùnní tó ń kó irun sínú agolo, tó fi í pamọ́ nígbà tó rí mi."

"Irun rẹ?"

"Ọdún mọ́kànlá ló fi di irun mi."

"N kò bi ọ́ ní iye ọdún. Mo ní, ṣé irun rẹ lo rí?"

"Mo rí irun."

Àwọn obìnrin ń kùn. Láti ẹ̀yìn mi, Kùdírátù wí pé, "Kó gbé agolo náà jáde ká wò ó. Bí ọwọ́ ẹni bá mọ́, kí lèèyàn ń bò?"

Ìyá Dùnní wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé yóò sẹ́. Ó dìde, ó wọ inú ilé, ó gbé agolo náà jáde, ó sì gbé e lé Ìyá Sùnnà lọ́wọ́. Ọ̀kan ni.

Ìyá Sùnnà ṣí i. Ó bu irun inú rẹ̀, ó gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Funfun inú rẹ̀ pọ̀ ju dúdú lọ. Nígbà náà, ewú kan kò tíì yọ lórí mi.

"Irun àgbà nìyí," ó wí. "Ta ló ni ín?"

"Tèmi ni," ni Ìyá Dùnní dáhùn.

"Kí lo wá ń fi pamọ́ sí, Morónfólú?"

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé n kò rí i láìwé gèlè mọ́ láti bí ọdún mẹ́fà. Mo ti rò pé ìwà àgbà ni. Gèlè náà bọ́ sílẹ̀. Láti iwájú orí rẹ̀ dé àtàrí, kò sí irun kankan. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù ní ìpàkọ́.

"Ọdún kẹfà rèé tó ti ń bọ́," ó wí. "N kò lè gbá a síta, ẹ ó bi mí pé ti ta ni. N kò lè jó o, òórùn irun jíjó á pe gbogbo agbo ilé jáde. Bí mo bá ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ni mò ń gbé e lọ rì mọ́ inú oko. Ta ni yóò gbé orí sílẹ̀ fún onídìrí tó pá lórí?"

Gbogbo wa la mọ ìdáhùn.

Ó wá kọjú sí mi. "Mo ti ṣí tèmi. Ràfátù, ṣí tìrẹ."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mi mú.

"Ṣí i," ni Ìyá Sùnnà wí.

Mo ṣí i. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn wí pé, "Àgbàdo yìí ti gbó, ẹ jẹ́ ká ya á." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Dùnní nìkan ni kò rín. Ó ní kí n jókòó, mo jókòó. Ó ki ìka bọ inú irun mi bó ti máa ń ṣe, ó ń là á díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá Sùnnà, ẹ wá wo ibí yìí. Ibi tí irun yìí ti já, ìlà ni. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Irun àárín wọn kò já. Ẹni tó bá fẹ́ fi irun ènìyàn ṣe é níbi, ṣé yóò kọ́kọ́ mú ìkótí là á ni?"

Ìyá Sùnnà wò ó, ó mi orí. "Kí ni wọ́n fi pa á, Ràfátù?"

"Omi kan ni, ìyá. Ó ń hó."

"Irú èyí tí wọ́n fi ń fọ egbò ní dìsípẹ́ńsárì?"

"N kò bèèrè."

"O kò bèèrè lọ́wọ́ àjòjì ohun tó ń dà sí ọ lórí. Ẹni tó ti dì ọ́ láti ìgbà ìyàwó, òun lo wá fẹ́ tú agolo rẹ̀ wò."

Ìyá Dùnní ṣì di irun mi mú. "Àdín tí mo gbé fún ọ ńkọ́?" ó bi mí. "Ì bá ti tù ọ́ lára díẹ̀."

"Mo dà á nù."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ lórí mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Kùdírátù ti lọ.

Ìyá Sùnnà ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ pé irọ́ ni mo pa. Mo lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi lọ. Gbogbo wọn gbà mí gbọ́ pé kò kó irun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ nìkan ni mo tú síta. Òtítọ́ kan tí kì í ṣe tèmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, n kò sì lè lọ sí ilé kankan láti kó ìyẹn padà. Àwọn ọmọge ń pè é ní Onídìrí Apárí. Obìnrin méjì péré ló padà sórí ẹní rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ká ẹní, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìgbẹsà.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, n kò ní kí ẹ má yí onídìrí padà. Orí yín ni. Ẹ fi ìlà mẹ́wàá sí i bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún ẹni tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ lójúkojú. Ẹni tó bá fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ yóò máa wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri lára ẹni tó fi sílẹ̀, kí yíyọ́ lọ náà lè dà bí ẹ̀tọ́. Bí kò bá sì rí ẹ̀ṣẹ̀, yóò ṣẹ̀dá rẹ̀. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Mo fá orí mi, irun sì tún hù. Lóṣù tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbẹsà. Ìyá Dùnní gbà mí lálejò, ó fún mi lómi mu. Kò wé gèlè.

"Irun rẹ ti hù," ó wí.

"Ó ti hù. Ìyá mi, mo wá tọrọ àforíjì. Mo sì wá bẹ̀ yín kí ẹ bá mi dì í."

"Èkíní, mo ti fi fún ọ kó o tó wá. N kò lè máa gbé e kírun."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ìyẹn kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe ìbínú, Ràfátù. Bí mo bá ń dì ọ́, ọkàn rẹ á wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹyọ kan bá já, wàá kà á. Èmi náà á máa ṣọ́ ọ bóyá ò ń kà á. A kì í di irun báyẹn."

Bí a ti wà níbẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀ kan ti oko dé. Ó kí wa, ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó sì gbé orí lé itan Ìyá Dùnní. Ìyá Dùnní mú ìkótí, ó là á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi sùn lọ.

Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń padà sí Ọ̀tà. Mo fẹ́ dágbére. Ìyá Dùnní fi ọwọ́ ṣe àmì sí mi pé kí n rọra máa lọ, kí n má baà jí i.